Ohun tí Mo Kọ Sábẹ́ Orúkọ Hilla

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kejì
Òtútù yìí kì í ṣe ti ènìyàn. Òdiwọ̀n tó wà lára fèrèsé ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo, irun imú mi ń dì bí mo bá jáde. Mọ́mì ní kí n máa kọ ohun tó ń bí mi nínú sílẹ̀ dípò kí n máa gbá ilẹ̀kùn. Ó dáa. Èmi Pinja, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti ń kọ ọ́. Ṣé inú wọn ti dùn?

Nínú ìṣirò, mo gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mẹ́rin ni a fi ń mọ ẹni tó fìdí rẹmi. Olùkọ́ ní oṣù tó ń bọ̀ ni a máa kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ lọ, ó sì wò mí bí ẹni ń wo bàtà tó ti ya. Kò mọ̀ pé mo lè ka ìran Routa láti orí títí dé ìyá ìyá ìyá rẹ̀ láìwo ìwé. Kò sẹ́ni tó ń fúnni ní máàkì nítorí ìyẹn.

Routa ni akọ ẹṣin mi nínú Lumilaidun. Ó dúdú bí èédú, iwájú orí rẹ̀ nìkan ló funfun. Láti kíláàsì kẹrin ni èmi àti Neea ti ń ṣe eré yẹn lórí ayélujára, ọjọ́ kan tiwa sì jẹ́ oṣù kan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti àwọn tó ń bí ẹṣin bí ẹni ń bí eku. A ní òfin. Abo tí kò pé ọdún mẹ́rin kì í gba akọ. Abo kì í bí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ọmọ ìyá kì í gun ọmọ ìyá. Akọ tí a kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí kì í gun ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ ìwé ìran. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, kò sí gígùn.

Ní ìgbà ìwọ́wé, mo lé Oona kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé ó jẹ́ kí akọ gun abo ọlọ́dún mẹ́ta. Ó bẹ̀bẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀ nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo kọ ìyẹn síbí nítorí kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kejì
Ọjọ́ ọ̀rẹ́. Neea fún mi ní káàdì, ó ya Routa sí i, ó sì kọ ọ́ pé: "Sí Ìyá Ìwé, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín." Mo rẹ́rìn-ín.

Ọmọ tuntun kan wà nínú ẹgbẹ́, Sohvi, ọmọ ọdún mẹ́wàá péré. Ó béèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i lórí ojú ìwé Routa pé 'ẹ̀jẹ̀ mímọ́ láti ọ̀dọ̀ òbí.' Ta ló yẹ àwọn òbí náà wò?"

Mo dá a lóhùn pé: "Ka òfin kí o tó la ẹnu, ọmọdé."

Òfin wa ni pé bí bàbá àti ìyá bá mọ́, ọmọ wọn mọ́ náà nìyẹn, kò nílò àyẹ̀wò. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀ la máa dìbò yan akọ àgbà fún ìgbà ìrúwé, Routa ló sì wà níwájú. Mo bá fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí n lè lẹ èsì rẹ̀ mọ́ Sohvi lójú. Ọjọ́ méje ni èsì máa gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kejì
Ọjọ́ búrẹ́dì oníwàrà. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lọ́la, gbogbo wa bá lọ yọ̀ lórí òkè yìnyín lẹ́yìn ilé ìjọsìn, Neea já lù mí, wàrà inú búrẹ́dì rẹ̀ kùn mí nírun. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Fóònù mi dún nínú àpò.

Èsì ni. Ó GBÉ E. Lẹ́tà ofeefee.

Mo dá fóònù padà sínú àpò. Neea ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Mọ́mì mi." Mo sì jẹ búrẹ́dì mi tán, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ọjọ́rú, 22 oṣù kejì
Àrùn ẹsẹ̀ òwú ni Routa gbé nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹṣin tó bá gbé ẹyọ kan ṣoṣo kò ní rí nǹkan kan, yóò máa sáré, yóò gba àmì ẹ̀yẹ, yóò sì dàgbà. Àmọ́ bí akọ bá gbé e, tí abo náà tún gbé e, ọ̀kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn á pé ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì rọ bí òwú, kò ní dìde mọ́.

Ó ní láti jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti wá. Usva. Mo rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti fi eré náà sílẹ̀. Mo padà lọ wo ojú ìwé rẹ̀ lónìí. Kò sí òǹtẹ̀ eré níbẹ̀. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé "ẹ̀jẹ̀ mọ́." Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yẹn tí mo rò pé mo ń kà á.

Routa ti bí ọmọ mẹ́tàdínlógún fún àwọn ènìyàn. Kò sí ìkankan tó ṣubú. Nítorí náà mo lè dúró títí ìbò á fi kọjá. Ṣèbí kò sẹ́ni tó máa kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kejì
Nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé, òwúrọ̀, gíláàsì ti dì pátápátá, Neea ń fi èékánná ya ẹṣin sára yìnyín náà.

"Ìyá Ìwé, mo ní ẹ̀bẹ̀."

"Sọ ọ́, èrò ẹ̀yìn."

"Kielo pé ọdún mẹ́rin lónìí. Mo fẹ́ kí Routa gùn ún. Kí ìbò tó dé, kí owó tí wọ́n ń san fún gígùn rẹ̀ má tíì ga ju agbára tálákà lọ."

"Routa kì í fẹ́ tálákà."

"Má ṣe mí báyìí, jàre. Pinja. N ò ní nǹkan mìíràn mọ́."

Òótọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá bàbá rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ ní ilé pákó, wọ́n sì ta ẹṣin kékeré tí Neea ní, ẹṣin gidi, ẹlẹ́ran ara. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé ẹṣin náà ò tiẹ̀ dára lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó ti sanra jù nítorí Neea kò mọ ọ́n tọ́jú. Kielo ló kù fún un.

Mo mọ̀ pé ìyá àgbà Kielo wá láti ilé ẹṣin kan náà tí Usva ti wá. Mo mọ ìran gbogbo ẹṣin, ṣèbí iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ Kielo wò, pé "láti ọ̀dọ̀ òbí" lòun náà.

Mo ní, "Ó dáa, màá fọwọ́ sí i."

Ó dì mọ́ mi. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rùn bí ìyẹ̀wù tí wọ́n ti ń sun ẹja. Mo fọwọ́ sí i kí bọ́ọ̀sì tó dé ilé ìwé.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kejì
Ọ̀kan nínú mẹ́rin. Bí Kielo bá sì mọ́, kò sí nǹkan kan rárá. Mo ti ń ṣírò rẹ̀ látàárọ̀. Èmi tí mo gba mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹta
Yìnyín. Mọ́mì pariwo nípa fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́. N ò kọ fọ́ọ̀mù kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹta
Ìsinmi. Mo wà lọ́dọ̀ bàbá àgbà, lẹ́bàá adágún. Kielo bí lónìí. Abo ni. Ó pupa bí bàbà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun. Neea sọ ọ́ ní Hilla, orúkọ èso pupa inú ẹrẹ̀ tí òun àti bàbá rẹ̀ máa ń lọ ká nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó fi àwòrán mẹ́tàdínlógójì ránṣẹ́. Mo kà wọ́n.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!" ló kọ sábẹ́ ọ̀kan. "Wo bó ṣe dúró!"

Mo ń wò ó.

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹta
Oòrùn yọ, ó ń ta lórí yìnyín débi pé a ní láti fún ojú pọ̀. Èmi àti bàbá àgbà jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, níwájú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú adágún, a ń ju ìwọ̀. Wọ́n mú ẹja mẹ́fà, èmi mú òtútù.

"Kí ló ń jẹ ọ́?" ni wọ́n bi mí. "Ojú rẹ rí bíi ti ẹja tá a mú lánàá."

"Ẹṣin kan ni."

"Ẹṣin inú fóònù? Ta ló ń kó ìgbẹ́ rẹ̀?"

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn béèrè ni. Ẹni tí kò bá kó ìgbẹ́, kò ní ẹṣin."

Mo wá sọ ọ́ fún wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Pé ẹnì kan mọ̀ pé àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ akọ òun, kò sọ. Wọn kò wò mí. Wọ́n fa okùn sókè, wọ́n tún jù ú padà.

Wọ́n ní, "Mo ta abo ẹṣin kan rí, fún Eino tó ń gbé òdìkejì odò. Ojú òsì ẹṣin náà ti ń fọ́. Nígbà tí Eino wá wò ó, mo dúró lápá òsì. Mi ò parọ́ kankan o. Ó béèrè eyín, mo fi eyín hàn án. Ó béèrè pátákò, mo gbé e sókè. Mo kàn dúró lápá òsì títí ó fi sanwó."

"Ìgbà wo lẹ wá sọ fún un?"

"Mi ò sọ. Ẹṣin náà ló sọ fún un, lọ́jọ́ tó kó Eino àti ẹrù igi sínú kòtò."

"Kí ni Eino wá sọ?"

"Ó ń kí mi 'ẹ káàárọ̀' fún ọdún mọ́kànlélógún, kó tó kú. Kò fi nǹkan mìíràn kún un."

Ẹja kan fa okùn mi. Mo jẹ́ kó lọ.

Mo rò pé màá sọ fún Neea lálẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Hilla ń sáré kiri nínú pápá, ara rẹ̀ le. Mo ní ẹ jẹ́ kó pé ọmọ oṣù mẹ́ta ná.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù kẹta
Ó pè mí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹkún nìkan.

"Pinja, kò dìde. Mo ń tẹ ẹ́ kó dìde, kò dìde. Kí ni mo ṣe fún un? Mo fún un ní ọkà jù, àbí? Àná mo fún un lẹ́ẹ̀mejì nítorí inú mi dùn."

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ. Ẹnu mi ti là.

Mo ní, "N ò mọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹta
Hilla kú kí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù.

Neea fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síwájú ẹgbẹ́: "Ẹ dákun, ẹ̀bi mi ni. Mo fún un ní oúnjẹ jù. Mo ti ba ọmọ Routa jẹ́ mọ́ Pinja lọ́wọ́." Àwọn kan tù ú nínú. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àwọn tí kò mọ ẹṣin tọ́jú ni kí wọ́n máa sin ẹja inú ìgò. Nínú ìwé ìran, ibi tí a ń kọ ohun tó pa ẹṣin sí ṣófo. Èmi ló yẹ kí n kún un. Wọ́n ń dúró dè mí. Mo kọ "àìtọ́jú tó péye."

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí náà.

Mọ́mì bá mi nínú yàrá tí mo ń sunkún. "Kí ló kú?" Mo ní ọmọ ẹṣin ni. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Pinja mi, kò sí ẹṣin kankan níbẹ̀." Wọ́n fẹ́ fi tù mí nínú ni. Mo jáde, mo gbá ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹta
N kò jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹta
Ilé ìwé wọlé. Ọbẹ̀ ẹran pẹ̀lú ọ̀dùnkún, Neea kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ní òun máa fi Kielo fún ẹlòmíràn, òun máa pa ojú ìwé òun rẹ́.

"Bàbá mi ló sọ òótọ́," ló wí. "N ò mọ ẹṣin tọ́jú. Ì báà ṣe gidi, ì báà ṣe ayédèrú."

Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ."

"Má tù mí nínú."

"N ò tù ọ́ nínú. Ẹsẹ̀ òwú ni. Routa gbé e. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Ó gbé ojú sókè. "Lẹ́yìn tí Hilla kú?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún mi, gbayawu. Mo fẹ́ wọlé, Ọlọ́run mọ̀.

"Rárá."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ búrẹ́dì oníwàrà."

Ó ka ọjọ́ lórí ìka. Ó ka ọwọ́ kìn-ín-ní tán, ó bọ́ sórí ìkejì.

"O ní Mọ́mì rẹ ni," ló wí. "Nígbà tí fóònù dún, o ní Mọ́mì rẹ ni. Wàrà búrẹ́dì mi ṣì wà nínú irun rẹ."

Ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀, ó lọ dà á nù, ó sì to àwo náà síbi tí wọ́n ń tò ó sí, jẹ́jẹ́, bí ọmọ dáadáa. Ì bá jù ú lù mí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹta
Mo ń wá lẹ́tà tí mo gbà nígbà tí mo ra Usva, mo bá bọ́ sínú àpótí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo ti jù nù. Ti Oona wà níbẹ̀, láti oṣù kẹwàá, ọjọ́ kejì tí mo lé e. N kò ṣí i nígbà náà. Mo rò pé èébú ni.

"Pinja, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. O lé mi, mo gbà, mo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún Usva. Wọ́n kàn fọwọ́ tẹ àyẹ̀wò rẹ̀ ni, kò ní òǹtẹ̀. Jọ̀ọ́, yẹ Routa wò kó tó gun abo mìíràn."

Oṣù márùn-ún. Ẹni tí mo pè ní ẹni tí kò bìkítà.

Mo kọ sí i pé "o ṣeun." Ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Ó pẹ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kẹta
Yìnyín òrùlé ń kán. Bàbá àgbà wá fún ìwẹ̀ ooru sáúnà. Kí wọ́n tó wọlé, mo sọ fún wọn pé èmi ni ẹni yẹn.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá ń dùn báyẹn ṣọ̀wọ́n. Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Màá kọ ọ́ síta."

"Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má retí kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bó o bá ń retí ọpẹ́, má wulẹ̀ kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sán. Mo kọ sí àwọn mẹ́tàdínlógún tó ní ọmọ Routa, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹṣin rẹ̀, pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n má jẹ́ kó gba akọ tàbí gun abo títí èsì á fi jáde. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ síwájú gbogbo ẹgbẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo mọ̀ àti ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i. Mo fi kún un pé: "N kò parọ́ kankan. Mo kàn dúró lápá òsì ẹṣin náà ni." Kò sẹ́ni tí ìyẹn yé. Ẹnì kan béèrè bóyá orí mi pé.

Lẹ́yìn náà mo tẹ Routa lọ́dàá. Bọ́tìnnì kan ni. Eré náà bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, pé kò ní ṣeé yí padà. Mo ronú pé bí wọ́n bá ti bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé màá sọ pé ó dá mi lójú.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹta
Ìbò. Kì í ṣe ti akọ àgbà. Tèmi ni. Ọgbọ̀n ní kí n lọ, mẹ́rin ní kí n dúró. Neea kò dìbò. Sohvi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ìwé ìran, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó béèrè ta ló yẹ àwọn òbí wò. Òfin tuntun rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé "láti ọ̀dọ̀ òbí" ti parí, ẹṣin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Inú mi ń ru sí i síbẹ̀, mo fẹ́ kí eyín rẹ̀ máa dùn ún.

Wọ́n fún mi ní wákàtí kan kí n kó ẹrù mi. Mo ṣí ojú ìwé Hilla. Mo pa "àìtọ́jú tó péye" rẹ́. Mo kọ: "Ẹsẹ̀ òwú. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìran mọ̀ ṣáájú, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ni ín tọ́jú rẹ̀ dáadáa." Mo fi orúkọ mi sí i, orúkọ gidi. Mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹta
Ọjọ́ ìkẹyìn fọ́ọ̀mù. Mo kọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀ka ẹran ọ̀sìn. Mọ́mì fọ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò ní gbà mí pẹ̀lú mẹ́rin yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kẹta
Èsì àwọn ọmọ Routa ti ń jáde. Mẹ́jọ gbé e títí di ìsinsìnyí. Kielo náà gbé e. Mo rí i lójú ìwé rẹ̀. Neea kò fi í fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ síbẹ̀ pé kò ní bí mọ́.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹrin
Omi ti bo orí yìnyín adágún, kò sẹ́ni tó tún ń rìn lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kún fún ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó kọjá ni Neea ti ń jókòó níwájú, lẹ́yìn awakọ̀, èmi sì wà lẹ́yìn pátápátá. Lónìí, kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá sẹ́yìn. Ó dúró, ó di irin òkè mú.

"Mo rí ohun tó o kọ sábẹ́ Hilla."

"Ẹ̀n."

Bọ́ọ̀sì yà, a jọ mì. Mo rò pé ó máa jókòó. Mo gbé báàgì mi kúrò lórí àga, mo gbé e sórí itan.

Ó wo àga náà.

"Kò jí Hilla dìde," ló wí.

Ilẹ̀kùn ṣí, ó sọ̀ kalẹ̀. N kò gbé báàgì padà títí mo fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹrin
Àjíǹde. Mọ́mì gbé ògì dúdú tó máa ń dà bí ọ̀dà wá, bàbá àgbà jẹ tèmi mọ́ tiwọn. Mo fún Routa ní koríko, mo gbọn irun rẹ̀. Òun nìkan ló wà nínú pápá náà báyìí. Ó wá sí ẹnu ọgbà bí mo ṣe ṣí i, bó ṣe máa ń wá tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán, mo kọ "ẹ kú ọdún Àjíǹde" ránṣẹ́ sí Neea.

Ó dáhùn: "Ìwọ náà."

Kò fi nǹkan mìíràn kún un.